Láàbù Kan Wà ní Mile 12

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí ní Kòsọ́fẹ́

(Orin ìfilọ́lẹ̀ dún, ó sì rọra rẹlẹ̀.)

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìwé tí ẹ fẹ́ máàkì wálé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń bá ìyá yín pàtẹ ní Kétu, ní Ìkòsì, ní Alápẹ́rẹ́ àti ní Mile 12, ẹ kú ọjà, ajé á wọgbá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan nínú ilé mú bírò àti ìwé sọ́dọ̀, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ la fẹ́ ṣe lónìí, nọ́ńbà sì wà níbẹ̀ láti kọ.

Kẹ́mísírì la fẹ́ sọ. Ẹ má yí rédíò o.

Gbogbo ẹni tó bá ti gé àlùbọ́sà rí ló mọ̀ pé ó máa ń ta ojú. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ lásán ṣa ata rodo mọ̀ pé omi tútù kì í mú oró rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ta tòmátì mọ̀ pé tí èyí tó ti pọ́n bá wà láàárín èyí tó ṣì le, gbogbo apẹ̀rẹ̀ ò ní pẹ́ pọ́n. Ọmọ SS 2 tó ń bá wọn gbé apẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Síbẹ̀, bí ọmọ yẹn bá dé kíláàsì tí olùkọ́ kẹ́mísírì wọlé, á rò pé ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ òun kò kan ọjà yẹn rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Inú àlùbọ́sà ni àwọn èròjà kan wà tí imí-ọjọ́ wà lára wọn. Ènsáìmù tó lè yí wọn padà náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọ̀bẹ ló ń wó ògiri àárín wọn. Bí wọ́n bá ti pàdé, gáàsì kan á jáde, á gbéra dé ojú, ojú á sì sun omi láti fọ̀ ọ́ dànù. Ohun tó ń ta ojú yẹn kò sí nínú àlùbọ́sà tí a kò tíì gé. Ìgbà tí a gé e ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Ìyípadà tó bá bí ohun tuntun báyìí, òun ni kẹ́mísírì.

Ti ata yàtọ̀. Èròjà tó ń mú ata ta ni wọ́n ń pè ní capsaicin. Kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ṣùgbọ́n ó ń yòrò nínú òróró. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ata ta lọ́wọ́ fi ń fi òróró pa ọwọ́ kó tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kò sí ohun tuntun tí a bí níbí o. Ohun kan náà ló kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Olùkọ́ tó bá fi àlùbọ́sà ta ko ata lójú kíláàsì ti kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ láàárín oríṣi ìyípadà méjì tí ìwé máa ń fi ojú-ewé púpọ̀ ṣàlàyé.

Tòmátì ńkọ́? Bí èso kan bá ń pọ́n, ó máa ń tú gáàsì kan jáde tó ń jẹ́ ẹ́tílíìnì. Gáàsì yìí ló ń sọ fún èso tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé àkókò pípọ́n ti tó. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí tí a bá dé ọjà èso Kétu.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ òní kò ju ẹyọ kan lọ. Olùkọ́ kẹ́mísírì kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí kọ́bọ́ọ̀dù láàbù bá kún kó tó jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n kó má kàn gbé tòmátì sójú tábìlì kó ní òun ti ṣe práátíkà. Ìwọ̀n àti àkọsílẹ̀ ló ń sọ ohun ọjà di kẹ́mísírì. Ohun tí a kò wọ̀n, tí a kò kọ sílẹ̀, ìran la fi wò.

(Orin díẹ̀.)

Èrò pé kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ọmọ ti ní ẹni tó to ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nílùú Èkó níbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Òkèbùkọ́lá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ni mo ń sọ. Òun wà lára àwọn tí UNESCO fún ní Ẹ̀bùn Kalinga ní 1992, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fi yẹ́ ẹni tó mú kí sáyẹ́ǹsì yé ará ìlú sí. Ní 2015, ó gbé ọ̀nà ìkọ́ni kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CTCA. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ká ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ẹtì ni ásíìdì àti álíkálì. Láti ọjọ́ Ajé ni olùkọ́ á ti dá a sílẹ̀ fún kíláàsì pé: ẹ lọ béèrè nílé, kí ni wọ́n ń lo káún fún? Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo eérú nínú ọṣẹ dúdú? Ọmọ Yorùbá á gbọ́ ti káún inú ẹ̀wà àti ewédú. Ọmọ Hausa á gbọ́ ti kanwa nílé wọn. Ọmọ Ígbò á gbọ́ ti akanwu. Mile 12 ló kó ìdílé wọn jọ sí àdúgbò kan, kíláàsì kan náà sì ni gbogbo wọn jókòó sí.

Bí ọjọ́ Ẹtì bá pé, olùkọ́ á pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ọkùnrin àti obìnrin, ẹni tó tètè ń mọ̀wé àti ẹni tó ń fà díẹ̀, kí oníkálukú sọ ohun tó gbọ́ nílé. Lẹ́yìn ìyẹn ni olùkọ́ á wá kọ́ wọn, á máa mú àpẹẹrẹ láti àyíká ilé-ẹ̀kọ́, á sì máa fi ẹ̀fẹ̀ sí i kí oorun má gbé wọn. Tí ẹ̀kọ́ bá parí, á fi kókó rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn ní ṣókí. Tó bá yá, àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ á máa fi tiwọn ránṣẹ́.

Ẹ wo ohun tó máa ti ibẹ̀ jáde. Káàbónéètì àti báíkáàbónéètì sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú káún, álíkálì sì ni. Inú eérú èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, káàbónéètì pòtásíọ̀mù la máa ń bá níbẹ̀, álíkálì lòun náà. Bí a bá sẹ́ omi eérú yẹn, tí a sè é pọ̀ pẹ̀lú àdín, ọṣẹ ni yóò dà. Pòtásíọ̀mù ló jẹ́ kí ọṣẹ dúdú rọ̀. Ọṣẹ tí wọ́n fi kọ́sítíìkì sódà ṣe máa ń le gbagidi, torí pé sódíọ̀mù ló wà nínú tiẹ̀. Ìyá àgbà tó ń se ọṣẹ ní oko kòkó ń ṣe ohun tí WAEC ń béèrè lábẹ́ ọ̀rọ̀ òróró àti ọṣẹ, láìsí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ mú bírò yẹn.

Ohun tí ẹ máa rà: ìṣápá gbígbẹ, èyí tí wọ́n fi ń ṣe zobo, káún díẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ mélòó kan, ọsàn mímu mélòó kan. Ẹ yà sí ilé oògùn, kí ẹ ra sírínjì onímílílítà mẹ́wàá. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ìgò ike funfun, kí ẹ gé ìdí rẹ̀ lò bí ife.

Àkọ́kọ́: ẹ da omi gbígbóná sórí ẹ̀kúnwọ́ ìṣápá, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sẹ́ ẹ. Omi pupa yẹn ni ohun tí yóò máa yí àwọ̀ padà fún wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n sí ìńdíkétọ̀.

Èkejì: ẹ gún káún, kí ẹ wọn ṣíbí tíì kan sínú ife omi kan. Ẹ rò ó dáadáa, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, kí ẹ da omi òkè rẹ̀ sọ́tọ̀. Omi káún kan yìí ni ẹ ó lò dé òpin o. Tí ẹ bá po òmíràn láàárín, nọ́ńbà yín ò ní ṣe é fi wéra mọ́.

Ẹ̀kẹta: ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi sírínjì wọn mílílítà márùn-ún sínú ife. Ẹ kán zobo díẹ̀ sí i. Á pupa rẹ́súrẹ́sú.

Ẹ̀kẹrin: ẹ fọ sírínjì, ẹ fi fa omi káún, kí ẹ máa kán an sínú ọsàn yẹn díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa mi ife. Ẹ ó rí i pé ó ń hó. Gáàsì káábọ́nù dáyọ́ksáìdì ló ń jáde. Tí pupa yẹn bá ti pòórá, ẹ dúró. Ẹ ka ìwọ̀n omi káún tí ẹ lò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí sírínjì kan ò bá tó, ẹ fa òmíràn, kí ẹ sì fi kún un.

Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ ro nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ọsàn mímu.

Ọsàn wẹ́wẹ́ á gba omi káún ju ọsàn mímu lọ fíìfíì. Ahọ́n ti sọ èyí fún wa tẹ́lẹ̀, pé ó kan ju èkejì lọ. Àmọ́ ahọ́n ò lè sọ iye ìlọ́po tó fi kan jù ú lọ. Sírínjì lè sọ ọ́. Tí ọ̀kan nínú nọ́ńbà mẹ́ta yẹn bá sì jìnnà sí méjì yòókù, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ béèrè ìdí: ṣé sírínjì ni ẹ ò fọ̀? Ṣé ẹ ti yára jù nígbà tó kù díẹ̀? Ọmọ tó bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn ti ń ronú bí onímọ̀ kẹ́mísírì.

Ẹ̀yin SS 3, ẹ ti mọ ohun tí a ṣe yìí. Táítíréṣọ̀n ni. Òun ni ìbéèrè kìíní nínú práátíkà kẹ́mísírì WAEC. Bùrẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń lò níbẹ̀, wọ́n sì ń retí kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ dé ipò kejì lẹ́yìn àmì ẹ̀sún. Ṣùgbọ́n ojú tó ń ṣọ́ àwọ̀, ọwọ́ tó ń rọra kán an, àti sùúrù láti tún un ṣe, ìkan náà ni. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìrí-ṣe ló sọ wá di onísírínjì. Ní Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg, ibùdó kan wà tí wọ́n ń pè ní RADMASTE. Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n John Bradley ló ṣe àwo ike pẹlẹbẹ kan níbẹ̀, tó ní kòtò kéékèèké, tí ọmọ fi lè ṣe práátíkà pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹ̀kán kẹ́míkà. UNESCO gbé irú iṣẹ́ yìí káàkiri ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Kẹ́míkà díẹ̀ túmọ̀ sí owó díẹ̀, ewu díẹ̀ àti ìdọ̀tí díẹ̀, gbogbo ọmọ á sì rí i ṣe. Láàbù tí ọmọ méjì ń ṣe nǹkan tí àwọn tó kù ń nà ọrùn, iye ọmọ tó ń kọ́ kẹ́mísírì níbẹ̀ kò ju méjì yẹn lọ.

(Orin díẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká dé ọjà èso Kétu báyìí.

Mo ní èso tó ń pọ́n ń tú ẹ́tílíìnì jáde. Àwọn kan fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn pọ́n kíákíá, wọ́n á wá fi kábáìdì sí i, èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò. Bí kábáìdì bá ti fara kan omi, tàbí ọ̀rinrin lásán, gáàsì ásẹ́tílíìnì á jáde, ohun funfun kan á sì ṣẹ́kù sílẹ̀. Ásẹ́tílíìnì jọ ẹ́tílíìnì, ìyẹn ló ṣe ń tan èso jẹ. Àmọ́ kábáìdì ọjà kì í sábà mọ́: ásẹ́níkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ń wà nínú rẹ̀, májèlé sì ni wọ́n. Léraléra ni NAFDAC ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi mú èso pọ́n mọ́. Olùkọ́, ẹ kọ ìyípadà yìí sójú pátákó, kí àwọn ọmọ ka iye káábọ́nù àti háídírójìn inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú kábáìdì wá sí kíláàsì. Ásẹ́tílíìnì a máa gbiná.

Èyí tí ẹ lè ṣe nìyí. Ẹ já ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tútù mẹ́ta láti ara ìdì kan náà. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ gbalasa. Ẹ fi èkejì sínú àpò bébà, kí ẹ dì í. Ẹ fi ẹ̀kẹta sínú irú àpò kan náà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ti pọ́n dáadáa. Ibì kan náà ni kí ẹ kó gbogbo wọn sí. Lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà, ẹ wò wọ́n kí ẹ kọ àwọ̀ wọn sílẹ̀. Ìbéèrè tí olùkọ́ á bi wọ́n ni pé: kí ló dé tí a fi mú wọn láti ara ìdì kan? Kí ni àpò kejì ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí kò sí ohun tó pọ́n nínú rẹ̀? Ọmọ tó bá mọ iṣẹ́ àpò kejì ti mọ bí a ṣe ń yẹ ohun kan ṣoṣo wò, tí a ó sì jẹ́ kí ìyókù dọ́gba.

Ẹ̀yin tó wà lápá Òwódé Onírin, ìṣó ni tiyín. Ìṣó mẹ́ta, ìgò mẹ́ta. Ọ̀kan nínú omi lásán. Ọ̀kan nínú omi tí a ti sè tó ti tutù, kí òróró bo ojú rẹ̀. Ọ̀kan nínú ìgò gbígbẹ tí a dé pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo èyí tó dípẹtà jù, kí ẹ ro ìdí rẹ̀. Òróró inú ìgò kejì dá atẹ́gùn dúró, kò dá omi dúró. Ìyókù dọwọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lágbedeméjì. Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC ń béèrè, mo mọ̀. Kíláàsì Kòsọ́fẹ́ náà kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ fi èdè tó yé e ṣàlàyé ohun tó rí nínú ife fún ẹnìkejì rẹ̀, kó tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti yé ló ń rí ohun kọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ tó ń dúró dè yín. WAEC ní ojú-ewé ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn olórí tó ń máàkì ń kọ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe dáadáa, ibi tí wọ́n ti kùnà, àti àtúnṣe rẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó kọ ètò ẹ̀kọ́ sáà yín. PhET náà wà, tí Carl Wieman dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní 2002, lẹ́yìn ọdún kan tó gba Ẹ̀bùn Nobel. Àwòrán tó ń rìn ni, ọmọ lè fi kọ́ átọ́ọ̀mù, ó lè fi wọn ásíìdì. Ẹ lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà níbi tí dátà wà, kí ẹ lò ó níbi tí dátà kò sí. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, STAN, ti wà láti 1957. Ẹ dara pọ̀ mọ́ wọn. Kòsọ́fẹ́, Ṣómólú àti Ìkòròdú ló sì wà ní Ẹkùn Ẹ̀kọ́ Kejì. Kò sí ohun tó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta má lè da owó jọ ra bùrẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa yá ara wọn lò.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin PTA, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwáwí o. Ìbéèrè kejì nínú práátíkà yẹn jẹ mọ́ yíyẹ iyọ̀ inú kẹ́mísírì wò, ó ń béèrè kẹ́míkà tí kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni ní Mile 12. Ọmọ tó ń lọ kọ WAEC gbọ́dọ̀ ti di bùrẹ́ẹ̀tì mú kó tó dé gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọjà lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, láàbù ló ń parí rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kù. Ohunkóhun tó bá ti wọ ife práátíkà kì í ṣe oúnjẹ mọ́. Ẹ má tọ́ ọ wò. Ẹ má da Hypo tàbí Jik pọ̀ mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gáàsì kílórìn ló máa jáde, ó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Kọ́sítíìkì sódà a máa jó ara. Kí ọmọ má dá fọwọ́ kàn án. Tí nǹkan bá ta sójú, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Iṣẹ́ tí mo fún yín nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́, lọ́la, béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà: kí ló máa ń jẹ́ kí ọjà rẹ tètè bàjẹ́, báwo lo sì ṣe mọ̀? Kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí o mú un lọ bá olùkọ́ rẹ. Olùkọ́, ẹ yan ọ̀kan nínú ìdáhùn tí wọ́n bá mú wá, kí kíláàsì wá ọ̀nà tí wọ́n lè fi wọ̀n ọ́n. Òbí, tí ẹ bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta lórí fèrèsé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ó dàárọ̀ o.

(Orin ìparí.)